Fílítà ọ́ìlì Corolla kọ̀ kò tú, mo dẹ̀ ti da ọ́ìlì ẹ̀ sílẹ̀

OmoAdewole:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mò ń ṣe sáfíìsì mọ́tò mi fúnra mi nínú kọ́ḿpáùǹdù wa ní Adéwọlé, Ìlọrin níbí, Corolla 2005 ni, tọ̀kúnbọ̀, ẹ́ńjìnnì 1ZZ. Mo ti gbé e sókè, mo ti tú nọ́ọ̀tù ìdí súmpù (abọ́ tí ọ́ìlì ń gbé nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì), ọ́ìlì ti dà sínú báàfù tán, ó dúdú kirikiri, ó wá ku fílítà, agolo tó ń sẹ́ ọ́ìlì. Fílítà yìí ò mira rárá. Mo fi ọwọ́ yí i títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi pọ́n, mo fi àkísà dì í mú, ó kàn ń yọ̀ lọ́wọ́ mi ni torí ọ́ìlì ti ta sí i lára. Mi ò mọ irú agbára tí mẹkáníìkì tó ṣe é kẹ́yìn fi dè é. Bọ̀dá kan lójúlé kejì wa ní kí n wá skúrúdíráfà ńlá, kí n fi òòlù gbá a wọ inú fílítà kó yọ lódì kejì, kí n wá fi yí i. Ẹ̀rù dẹ̀ ń bà mí díẹ̀, ni mo bá ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Fílítà tuntun wà nílẹ̀, ọ́ìlì 5W-30 wà nílẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, mo ní láti gbé mọ́tò yìí jáde láàárọ̀ ọ̀la.

Alfa_GaaAkanbi:
Àsàlámù àlàékùm. Ẹ má tíì fi nǹkan kan gún nǹkan kan o. Èmi ò tíì fẹ́ sọ ti fílítà, ti jáàkì ni mo fẹ́ bèèrè. Kí ló gbé mọ́tò yẹn dúró? Tó bá jẹ́ jáàkì inú búùtù nìkan ni, ẹ jáde lábẹ́ ẹ̀ báyìí báyìí. Táyà ni wọ́n ṣe jáàkì yẹn fún, kì í ṣe fún ẹni tó máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò tó tún máa máa fa nǹkan tí ò fẹ́ yí. Ẹ bá ti ń fa fílítà tó le, gbogbo mọ́tò ló ń mì. Ilẹ̀ pupa wa yìí náà, tí òjò bá ti rọ̀ sí i, jáàkì á kàn máa rì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ wá pákó tó nípọn tẹ́ ẹ, ẹ gbé sítáńdì irin sí i, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì fa háńdìbíréèkì. Ẹ má sì gbé e lé búlọ́ọ̀kù ilé o, ẹ jọ̀ọ́. Búlọ́ọ̀kù ò ní kọ́kọ́ kìlọ̀ fún yín kó tó fọ́.

OmoAdewole:
Wàláékùm sálàmù Alfa. Sítáńdì méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀, mo yá a lọ́wọ́ páńẹ́ẹ̀lì bítà àdúgbò wa. Pákó náà wà níbẹ̀. Mo ti jáde ṣá, mò ń mu omi.

Sharp_Tanke:
Ọ̀gá mi, ẹ sítáàtì ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀. Tó bá ti gbóná rọ́bà ẹ̀ á rọ̀, á yí wẹ́rẹ́. Bí èmi ṣe máa ń ṣe tèmi nìyẹn.

MekanikiTaiwo:
Hàbà, Sharp_Tanke, ṣé ẹ ka nǹkan tó kọ báyìí? Ọ́ìlì ò sí nínú mọ́tò yẹn mọ́! OmoAdewole, ẹ má sítáàtì ẹ̀ o, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ́ńjìnnì tí ò ní ọ́ìlì tó ń yí, irin ń lọ irin nìyẹn, ẹ ò ní pẹ́ máa wá ẹ́ńjìnnì tọ̀kúnbọ̀ kiri. Ìmọ̀ràn tó mú wá yẹn dáa púpọ̀ fún ẹni tí ò tíì da ọ́ìlì, kì í ṣe fún yín lálẹ́ òní.

Sharp_Tanke:
Ẹ má bínú ọ̀gá, mi ò rí ibi tó ti ní òun ti dà á. Ẹ má sítáàtì o!!

MekanikiTaiwo:
Kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó mú un níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ìlà tó fi ń yí wọlé, ló ti dógùn-ún. Kò dógùn-ún. Inú ọ́ìlì ni tírẹ́ẹ̀dì yẹn ń gbé, níbo ni ìdógùn-ún ti máa débẹ̀? Rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu fílítà ló di ojú ẹ́ńjìnnì mú. Téèyàn bá dè é lásìkò tí rọ́bà yẹn gbẹ, tí kò fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lẹ́nu, tí ooru ẹ́ńjìnnì wá ń sè é lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, rọ́bà yẹn á tẹ́ pẹrẹsẹ, á lẹ̀ mọ́ irin. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa fọ́n WD-40 (oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí nọ́ọ̀tù tó bá le) sí i títí tí ò ní mi, torí kò rí ọ̀nà wọlé sí ibi tó ti lẹ̀. Èkejì ni pé àwọn kan nínú àwa mẹkáníìkì, ìbẹ̀rù kí ó má baà jò kí kọ́sítọ́mà má baà padà wá pariwo, irin tí wọ́n fi ń tú fílítà náà la máa ń fi dè é. Fílítà ò nílò irin láti dè o. Irin wà fún títú nìkan.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí mú nǹkan kan: fílítà lẹ máa kọ́kọ́ dán wò, KÍ Ẹ TÓ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tù súmpù. Ẹ mi fílítà kó yí díẹ̀, bó bá ti yí, ẹ dá a padà kẹ́ ẹ fọwọ́ dè é, kẹ́ ẹ wá lọ da ọ́ìlì. Bó bá kọ̀ tí kò yí, ọ́ìlì ṣì wà nínú mọ́tò, ẹ ṣì lè wà á lọ bá ẹni tó ní irinṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti da ọ́ìlì tán kó tó mọ̀ pé fílítà ò ní tú, mọ́tò ẹ̀ ti di ilé nìyẹn, ó dúró sójú kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, bí mo ṣe kọ́ gbogbo wọn nìyẹn.

Onifila:
Ẹ̀yin èèyàn yìí náà ẹ máa ń fi nǹkan kékeré ni ara yín lára. Ṣé owó iṣẹ́ sáfíìsì ló wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀? Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì jàre.

IyaAfusa_Fate:
Onifila, kì í ṣe ti owó iṣẹ́. Ẹni tó bá ti gbé ọ́ìlì àti fílítà tó fowó ara ẹ̀ rà lọ rí, tó jókòó síbẹ̀ tó wá gbójú kúrò díẹ̀, tó délé tó rí i pé fílítà àtijọ́ tí wọ́n fi bẹntiróòlù nù lára ló ṣì wà níbẹ̀, á mọ ìdí tí àwa kan fi ń dùbúlẹ̀. Gbogbo mẹkáníìkì kọ́, ọ̀gá Táíwò ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ̀yin kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi Adéwọlé, gbọ́. Mi ò ní irin kankan tí mo fi ń tú tèmi. Sándípépà ni. Sándípépà tí àwọn kápíńtà ń lò, èyí tó le tó rí gbàgungbàgun, kì í ṣe èyí tó rọ̀. Kọ́kọ́ fọ ara fílítà yẹn dáadáa, fi àkísà tó ní ọṣẹ nù ún, kó o wá fi àkísà gbígbẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i títí tí kò fi ní yọ̀ mọ́. Má fi bẹntiróòlù nù ún o, ẹ́ńjìnnì ṣì lè gbóná. Yí sándípépà náà ká a, ojú gbàgungbàgun sí fílítà, kó o fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú tí àyè bá gbà ọ́, kó o yí i. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ abọ́ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àti pé kí n bi ọ́, apá wo lò ń yí i sí? Má fi ìbéèrè yẹn bínú. Téèyàn bá dùbúlẹ̀ tán, tí orí ẹ̀ wá wà níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ kó wà, apá òsì àti apá ọ̀tún máa ń dàrú mọ́ọ̀yàn lójú. Wo ìdí fílítà gan-an lójú, ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n kọ nǹkan sí, bí ìgbà tó o fẹ́ ṣí ìdérí ìgò tó dojú kọ ọ́ ni kó o ṣe yí i. Fi ẹfun tàbí páálíìṣì èékánná fa ìlà kan láti ara fílítà kọjá sí ara ẹ́ńjìnnì, kó o lè mọ̀ bóyá ó mira, torí nígbà míì ó ti ń yí díẹ̀díẹ̀ tí o ò mọ̀.

OmoAdewole:
Ẹ ṣé gan-an Àǹtí. Apá tí ẹ sọ yẹn náà ni mò ń yí i sí. Mo ti fa ìlà sí i. Sándípépà wà nílé torí bàbá wa ń kun ilẹ̀kùn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n dán an wò.

OmoAdewole:
Kò yí. Ìlà tí mo fà ṣì wà ní ojú kan náà. Sándípépà dì í mú dáadáa o, kì í yọ̀ mọ́, ọwọ́ mi ni ò tó. Àyè ibẹ̀ kéré, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń wọ ibẹ̀ dáadáa.

IjakadiOffa:
Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ jẹ́ kí àwa tá a mọ̀ ọ́n jà dá sí i 😂

Ṣé fáànù bẹ́líìtì àtijọ́ wà lágbègbè yín? Gbogbo mẹkáníìkì ló ń jù ú dànù, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọ̀kan. Ẹ gé e kó má jẹ́ róbótó mọ́. Ẹ wé e mọ́ fílítà yíká ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀, kẹ́ ẹ wá ká ẹnu bẹ́líìtì méjèèjì mọ́ irin kan, páìpù kékeré tàbí ọ̀pá sípánà táyà, kí irin yẹn wà mọ́ ara fílítà gan-an. Tẹ́ ẹ bá wá fa irin, bẹ́líìtì á fún ara ẹ̀ mọ́ fílítà, bí ẹ bá ṣe ń fà á tó ni á ṣe máa fún un tó. Ẹ kíyè sí apá tẹ́ ẹ wé e sí o, torí tẹ́ ẹ bá wé e sódì, tẹ́ ẹ bá fà á ńṣe lá kàn máa tú sílẹ̀. Bẹ́líìtì ṣòkòtò aláwọ náà ń ṣe é, àmọ́ ẹ má lo èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ṣéènì ọ̀kadà tàbí ti kẹ̀kẹ́ tún lágbára jù ú lọ, òun ni mo máa ń lò fún fílítà ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹnu ibi tí fílítà ti pàdé ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ wé e sí. Tó bá jẹ́ àárín lẹ wé e sí, páànù ẹ̀ á kàn tẹ̀ wọlé ni, kò ní yí.

BabaDereba_OffaGarage:
Ẹ̀yin ọmọdé òní ẹ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sándípépà, bẹ́líìtì, ṣéènì. Láti ìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ láti Ìlọrin sí Òmù-Àrán, skúrúdíráfà la fi ń tú u. Ẹ gún un, ẹ yí i, ó ti tú. Ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó sọ fún un lójúlé kejì yẹn mọ iṣẹ́.

MekanikiTaiwo:
Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, mo fi ìbà fún yín. Mi ò ní irọ́ lẹ pa, ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ tó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ọjọ́ yẹn burú. Páànù fílítà fẹ́lẹ́, pàápàá àwọn fílítà ayédèrú tó kún ọjà yìí. Ẹ gún un tán, ẹ fà á, dípò kó yí ó ya ni, ó ya bí ẹ ṣe ń fà á lọ. Ẹ tún gún ibòmíì, ibẹ̀ náà ya. Nígbà tó máa fi tán, páànù ti já kúrò, bébà inú ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, irin pẹrẹsẹ tó wà lẹ́nu ẹ̀ nìkan ló kù tó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú rọ́bà ẹ̀. Mọ́tò yẹn ò lè lọ ibì kankan mọ́ nìyẹn. Ihò kan ṣoṣo lára fílítà ti tó, ìpá ọ́ìlì (agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti ọ́ìlì kiri) á gbé gbogbo ọ́ìlì tuntun sọ́nà.

Ẹni tó bá wá di dandan fún pé kó gún un, èyí tó kù ni pé kó mọ ibi tó ń gún. Irin kan wà láàárín gbùngbùn fílítà tí fílítà dè mọ́, ara ẹ́ńjìnnì lirin yẹn wà, kì í ṣe ara fílítà. Ẹni tó bá fi òòlù gbá skúrúdíráfà lù ú, tó bá ba tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ jẹ́, wàhálà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Torí náà ẹ̀gbẹ́ lẹ ó gbà, ẹ má gba àárín, kẹ́ ẹ sún mọ́ ẹnu ẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí páànù ti lágbára díẹ̀. Ẹ gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀ torí ọ́ìlì á tú jáde, ẹ bo ojú yín.

Tó bá ti wá ya tán tó ku irin pẹrẹsẹ yẹn, ẹ fi ṣísẹ̀lì kékeré àti òòlù gbá etí irin yẹn díẹ̀díẹ̀ sí apá tí wọ́n ń tú u sí, jẹ́jẹ́, ẹ lọ yíká. Àwọn ihò kéékèèké tó wà lójú ẹ̀ náà, píláyà ẹlẹ́nu gígùn lè wọ inú méjì nínú wọn kẹ́ ẹ fi yí i. Ẹ ṣọ́ra kí ṣísẹ̀lì má fọwọ́ kan ojú ẹ́ńjìnnì, alumíníọ̀mù ni, ó rọ̀, tó bá ha níbẹ̀, fílítà tuntun náà á máa jò.

BabaDereba_OffaGarage:
Ẹ̀ẹ́n, ó ti ya mọ́ mi lọ́wọ́ rí, mi ò purọ́. Ìyẹn tilẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà Àjàsẹ́.

IyaAfusa_Fate:
Bàbá wa 😂😂 ẹ ò sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

OmoAdewole:
Mo ti rí fáànù bẹ́líìtì, mo ti fi irin fà á. Ó dì í mú dáadáa, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ páànù fílítà wọlé lápá kan, ni mo bá dáwọ́ dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ibi tí mo wé e sí ni kò sún mọ́ ẹnu ẹ̀ tó, páìpù kan dí ibẹ̀. Ìlà tí mo fà ṣì wà lójú kan. Ọwọ́ alẹ́ ti lé, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ríran.

MekanikiTaiwo:
Ó tó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lálẹ́ yìí, kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀. Ẹ fi fílítà àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣá ti rí i pé kò tíì jò. Ẹ nu nọ́ọ̀tù súmpù, ẹ wò ó bóyá wáṣà ẹ̀ ṣì dáa, ẹ dè é padà pẹ̀lú sípánà 14, ẹ dè é kó múlẹ̀ o, ẹ má fo lé e lórí. Ẹ da ọ́ìlì tuntun yín sínú ẹ̀. 1ZZ ń gba 3.7 lítà tí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà, fílítà ò tíì kúrò, torí náà ẹ da bíi 3.4 kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ wo gééjì (ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì), kẹ́ ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹ sítáàtì ẹ̀, ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Tí kò bá jò, láàárọ̀ ẹ wà á lọ síbi tẹ́ ẹ ń lọ, kẹ́ ẹ yà níbi tí ẹni tó ní irin ẹlẹ́yín mẹ́ta wà. Mọ́tò á ti gbóná dé ibẹ̀, rọ́bà á ti rọ̀, ìmọ̀ràn Sharp_Tanke á wá wúlò.

Sharp_Tanke:
Mo dúpẹ́ ọ̀gá 🙏

Onifila:
Ẹ dúró ná. Ọ́ìlì tuntun pẹ̀lú fílítà àtijọ́? Ṣé kò ní ba ọ́ìlì tuntun jẹ́? Tẹ́ ẹ bá tún wá tú fílítà lọ́la, ṣé kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì tuntun yẹn ló máa dà sílẹ̀?

MekanikiTaiwo:
Ìbéèrè tó dáa. Ọ́ìlì dúdú tó kù nínú fílítà àtijọ́ ò pọ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ kan péré ò ní ṣe nǹkan kan. Ti pé kó dà sílẹ̀ náà, inú súmpù ni ọ́ìlì ń gbé tí mọ́tò bá ti kú, kì í ṣe inú fílítà. Ẹ bá tú fílítà láìtú súmpù, ìwọ̀nba tó wà nínú fílítà ló máa jáde àti díẹ̀ tó kù lọ́nà. Ẹ ó fi díẹ̀ kún un lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Torí náà, kí OmoAdewole tọ́jú ìyókù ọ́ìlì inú kẹ́ẹ̀gì.

Irin ẹlẹ́yín mẹ́ta yẹn, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó ní eyín mẹ́ta tó ń gbá ìdí fílítà mú láti ìsàlẹ̀, ẹ ó fi ọwọ́ sókẹ́ẹ̀tì sí ìdí ẹ̀, bí ẹ bá ṣe ń yí i sí apá títú ni eyín yẹn ń fún mọ́ ọn. Kò nílò kí ẹ̀gbẹ́ fílítà láyè, ìdí nìyẹn tó fi dáa fún ibi tó há. Èyí tó dà bí ife tó ń wọ ìdí fílítà bí fìlà náà dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti tẹ fílítà wọlé kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, sáìsì ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá fílítà mu.

OmoAdewole:
Ọ́ìlì ti wọlé. Mo sítáàtì ẹ̀, iná pupa ọ́ìlì kú, abẹ́ ẹ̀ gbẹ. Mo lọ wẹ̀. Ó di ọ̀la.

OmoAdewole:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Fílítà ti tú, àlùhámúdù lílàhì. Mo yà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan nígbà tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ní irin ẹlẹ́yín mẹ́ta náà, ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Ó fi irin sí i, ó fà á, ó dún kán, ó yí. Kò lágbára lára o, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kékeré ló tilẹ̀ ṣe é.

Ẹ wá wo ohun tá a rí. Gọ́ọ̀mù ni. Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn fi gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n fi ń lẹ súmpù pa rọ́bà fílítà lẹ́nu yíká. Nígbà tí fílítà jáde, ìdajì rọ́bà jáde pẹ̀lú ẹ̀, ìdajì kù lójú ẹ́ńjìnnì, gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ lé e lórí. Mo fi èékánná gbìyànjú ẹ̀, kò kúrò. Mẹkáníìkì yẹn fẹ́ gba ṣísẹ̀lì, mo ní rárá, mo rántí ohun tí ọ̀gá Táíwò sọ. Káàdì ATM tó ti èsípáyà ni mo yọ nínú pọ́ọ̀sì, òun la fi ha á, ó pẹ́ díẹ̀ àmọ́ ó mọ́ láìjẹ́ pé ó ha ojú irin rárá.

MekanikiTaiwo:
Gọ́ọ̀mù! Mo ti ń fura. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù sí fílítà yín. Rọ́bà ẹ̀ ti tó. Gọ́ọ̀mù tó bá sì já bọ́ sínú, inú ọ̀nà ọ́ìlì ló ń lọ, ó lè dí ibi tí kò yẹ kó dí. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ ṣísẹ̀lì.

Ẹ tún wá dúpẹ́ pé ẹ wo ojú ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá dè tuntun lé rọ́bà àtijọ́ lórí, á dà bí ẹni pé ó mú, tẹ́ ẹ bá sítáàtì ẹ̀, ìpá ọ́ìlì á tì í jáde, gbogbo ilẹ̀ á kún fún ọ́ìlì kẹ́ ẹ tó pa á. Ẹni tó bá tú fílítà, kó wo ẹnu fílítà àtijọ́ bóyá rọ́bà wà níbẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ó wà lójú ẹ́ńjìnnì.

Báwo lẹ ṣe de tuntun?

OmoAdewole:
Mo fi ìka bọ ọ́ìlì tuntun, mo fi pa rọ́bà ẹ̀. Mo fi ọwọ́ yí i wọlé títí rọ́bà fi kan irin, mo wá yí i sí i bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ọwọ́ nìkan. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ti ń gbé irin bọ̀ kó bá mi tẹ̀ ẹ́ sí i, mo ní kó fi sílẹ̀. Mo fi ọ́ìlì díẹ̀ kún un, mo sítáàtì ẹ̀, mo dúró wo abẹ́ ẹ̀, mo pa á, mo dúró kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀ kí n tó wo gééjì. Ó wà láàárín àmì méjèèjì. Mo tún wò ó nígbà tí mo délé, abẹ́ ẹ̀ gbẹ táútáú.

Alfa_GaaAkanbi:
Máṣàlláhù. Báàfù ọ́ìlì dúdú àná yẹn ńkọ́? Ẹ má dà á sẹ́yìn ilé o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìlọrin yìí, kànga la ń mu. Ọ́ìlì tẹ́ ẹ bá dà sílẹ̀ lónìí, òjò á fọ̀ ọ́ wọlẹ̀, bí kò wọ kànga tiyín á wọ ti aládùúgbò. Gọ́tà náà ò dáa, odò Àsà ló ń gbé e lọ.

IyaAfusa_Fate:
Kọ̀ńdẹ́mù ọ́ìlì níye lórí jàre. Kápíńtà ń wá a láti kùn pákó òrùlé torí ikán, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù fi ń pa móòdù wọn kó má lẹ̀. Da á padà sínú kẹ́ẹ̀gì tí tuntun ti jáde, dé e, kó o fún wọn. Má jẹ́ kó máa kan ọwọ́ rẹ lásán náà, kò dáa fún awọ ara tó bá ń pẹ́ lára. Fílítà àtijọ́, dojú ẹ̀ dé sínú báàfù mọ́jú kó ro tán kó o tó jù ú sí ààtàn.

OmoAdewole:
Ọ̀gá tó ń mọ búlọ́ọ̀kù létí ọ̀nà wa ti gbà á. Inú ẹ̀ dùn.

Student_Malete:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń ka gbogbo èyí, tèmi yàtọ̀. Corolla 2010 ti bàbá wa ni mo fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo yọjú wo abẹ́ ẹ̀, mi ò rí irú fílítà tí ẹ ń sọ yẹn, nǹkan dúdú kan bí ìdérí ló wà níbẹ̀. Ṣé a máa gún ìyẹn náà ni?

MekanikiTaiwo:
Má gún un o ọmọ mi!! Ìyẹn ò ní páànù. Ilé fílítà ni ìdérí yẹn, bébà nìkan lo máa pààrọ̀ nínú ẹ̀, ìdérí náà lo máa dá padà. Ẹ́ńjìnnì 2ZR ló máa wà nínú 2010 tó bá jẹ́ 1.8 láti Amẹ́ríkà. Ife tó ń tú u ní sáìsì tiẹ̀, 64 mm tó ní ojú 14. Má lo bẹ́líìtì tàbí ṣéènì lára ẹ̀, á fọ́, ìdérí tuntun sì wọ́n ju fílítà lọ. Nọ́ọ̀tù kékeré kan wà nídìí ẹ̀ tí wọ́n ń kọ́kọ́ tú kí ọ́ìlì inú ẹ̀ jáde, ojú ẹ̀ ní igun mẹ́rin, ọwọ́ sókẹ́ẹ̀tì 3/8 ló ń wọ ibẹ̀ tààrà. Fílítà tuntun rẹ á bá rọ́bà méjì wá nínú páálí, ńlá àti kékeré, pààrọ̀ méjèèjì, kó o fi ọ́ìlì pa wọ́n. Tó o bá fẹ́ dè é, 25 Nm ni wọ́n ní kó jẹ́, ìyẹn ni pé kó kàn múlẹ̀ ni. Mẹ́nu ba ibi tó o wà nígbà tó o bá fẹ́ ṣe é, mo lè yá ọ ní ife yẹn, tèmi wà nílẹ̀.

Kó o tó tú súmpù o, dán ìdérí yẹn wò ná.